Ikọ́ Tí Mo Wú Fún Ìyàwó Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kà á pẹ̀lú yín. Mo ti bú àwọn obìnrin kan nínú rẹ̀ rí. Màá sọ ọ́ sókè nínú pálọ̀ mi níbi tí kò ti sí ẹni tó ń gbọ́, màá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, orí ẹ ò pé!" Ó yá o, ó kàn mí. Ẹ jókòó kí ẹ bú mi.

Orúkọ mi ni Comfort Dáramọ́lá. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Lilburn ni mò ń gbé, lẹ́bàá Atlanta. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ṣe títí ẹ̀yìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ni mo bá fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Seth. Òun àti Joanna ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní Loganville. Tí ọ̀nà bá dá, ìwàásù kan ò ní tíì tán nínú rédíò mọ́tò kí ènìyàn tó débẹ̀.

Bí ó ṣe sún mọ́ tó yìí, ẹ bi mí pé ìgbà wo ni mò ń rí i. Ọjọ́ ìbí mi, Kérésì, àti ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n mi bá bàjẹ́. Mi ò ní kí ẹ bá mi bínú sí i, iṣẹ́ ló ń lé wọn ká ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé ohùn kan ṣoṣo tí màá gbọ́ láti àárọ̀ di alẹ́ ni ti obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀. Mo máa ń tan obìnrin yẹn nígbà tí mo bá ń lọ síbi tí mo mọ̀ dáadáa, kí nǹkan kan ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí a sin bàbá Seth ni ọ̀rọ̀ òdòdó ti wọ inú mi. Wọ́n to òdòdó gbọọrọ kan lé orí pósí rẹ̀, funfun àti ewé tútù. Mò ń sunkún, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lára òdòdó yẹn. Mò ń wo bí èyí tó gùn ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, tí èyí tó kúrú dúró sáàárín. Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹnì kan jókòó, ó ro ọkọ mi dáadáa kó tó ṣe èyí, bẹ́ẹ̀ kò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ó pẹ́ kí n tó ní ìgboyà. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní Tucker tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ òdòdó títò. Ẹni tó bá yege ìdánwò wọn á gba ìwé ẹ̀rí, ilé ìtajà òdòdó á sì lè gbà á síṣẹ́. Mo forúkọ sílẹ̀. Nínú kíláàsì náà, èmi ni ìyá gbogbo wọn.

Mo sọ fún Seth lórí fóònù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Flower, Mummy? Flower báwo? Ẹ sinmi jàre, you've worked enough."

"Iṣẹ́ gidi ni, Seth. Wọ́n ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí."

"Certificate for flower!" Ó tún rẹ́rìn-ín. "Okay o, Mummy mi. Mo ní meeting, I'll call you back."

Kò pè mí padà. Mo sọ fún Ìyá Divine, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó fi díẹ̀ jù mí lọ.

"Òdòdó kẹ̀? Ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Ká ní ẹ̀fọ́ lo fẹ́ gbìn sẹ́yìnkùlé, ìyẹn á yé mi."

Láti ọjọ́ náà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù láyé, mò ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń mutí.

Olùkọ́ wa ni Miss Faith, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ yìí, tó máa ń gbé gíláàsì ojú sórí irun. Tí mo bá di igi òdòdó mú pinpin, á wá dúró lẹ́yìn mi, á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Easy, Miss Comfort. You're choking them." Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo máa ń di òdòdó pinpin nígbà míì kó lè wá. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, òun nìkan ni ènìyàn tó ń fọwọ́ kàn mí.

Báyìí ni Joanna lóyún. Inú mi dùn débi pé mo ń sọ fún àwọn tí mi ò mọ̀ ní ilé ìtajà. Ìyá Joanna wà ní Ìlọrin, wọn ò fún un ní físà. Ó wá kù sí èmi nìkan láti lọ wẹ ọmọ. Ẹ sì mọ bí ó ṣe ń rí láàárín tiwa: kò sí ẹni tó ń bi ìyá ọkọ léèrè bóyá ó máa wá. Á kàn di ẹrù rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n ní ọmọ máa dé, ìgbà náà gan-an ni ìdánwò wa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é. Mo wo ara mi, mo wo ẹ̀yìn tó ń dùn mí, mo ní ta ló mọ bí ọdún tó ń bọ̀ ṣe máa rí.

Seth pè láti ilé ìwòsàn. "Mummy, she's here! Ọmọbìnrin ni!"

Èmi nìkan jó yí pálọ̀ mi ká.

"Mummy, ṣé kí n wá gbé yín lọ́la? Joanna ti ń béèrè yín."

Ojú mi bọ́ sára àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó yẹ kí n sọ pé, "Seth, mo ní ìdánwò, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀." Ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́sí ni mo gbọ́ létí. Mo rò ó pé mo fẹ́ sọ fún ọmọ Yorùbá pé mi ò ní lè wá wẹ ọmọ rẹ̀ nítorí òdòdó.

"Seth, ikọ́ kan ló ń dà mí láàmú o," ni ohun tó jáde lẹ́nu mi. "Dókítà ní kí n má tíì sún mọ́ ọmọ tuntun."

Joanna gba fóònù. Nọ́ọ̀sì ni Joanna, kò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lásán.

"Mummy, what kind of cough? Ṣé ó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wá? Ẹ wú u kí n gbọ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo wú u. Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo wú ikọ́ gbígbẹ kan láti ìsàlẹ̀ àyà. Mo ti tọ́jú arúgbó tó láti mọ bí ikọ́ tó burú ṣe ń dún.

Joanna ní, "Mummy, I don't like that sound. Ẹ má yọra yín lẹ́nu nípa wa, àá manage. Ẹ ṣáà tọ́jú ara yín."

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ń ní kí n má yọra mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ ìkómọ, inú fóònù ni mo wà. Mo sọ orúkọ tí mo fún ọmọ náà, Olúwapẹ̀lúmi, mo sì tún wúkọ́ díẹ̀ nítorí àwọn tó ń wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òdòdó òkú wàyí.

Iṣẹ́ tó le jù nínú ìdánwò náà ni òdòdó orí pósí. Miss Faith ní kí oníkálukú ṣe ọ̀kan wò nílé, kí a so rìbọ́nì mọ́ ọn, kí a sì kọ ohun tí ẹbí máa ń kọ sára rẹ̀. Mo fi lílì funfun ṣe tèmi, mo fi róòsì sáàárín, mo jẹ́ kí ewé sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí mo ṣe rí i lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ mi. Mo wá kọ ọ́ sára rìbọ́nì náà pé: MUMMY WA.

Mo fẹ́ wò ó bí ó ṣe máa rí ni. Mo máa ń rò ó pé tí mo bá kú sínú ilé yìí, ìgbà wo ni ẹnì kan máa mọ̀? Ta ló máa jókòó, tó máa rò mí dáadáa kó tó to nǹkan kan lé mi lórí? Mo bá ro ara mi fúnra mi, mo tò ó. Ẹ gbà mí gbọ́, ó rẹwà. Mo jókòó tì í, mò ń sunkún, inú mi sì ń dùn.

Ibẹ̀ ni mo wà tí kọ́kọ́rọ́ fi yí lára ilẹ̀kùn. Seth ni. Ó gbé kúlà kékeré kan dání.

"Mummy, Joanna se pepper soup fún yín, nítorí ikọ́ yẹn..."

Ó rí òdòdó náà lórí tábìlì. Ó rìn sún mọ́ ọn, ó ka rìbọ́nì. Kúlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mummy, kí lèyí?"

Ó wo ojú mi, ó rí omijé níbẹ̀.

"Ṣé ó ti burú tó yẹn ni? Dókítà ti sọ fún yín, àbí? Mummy, ẹ ti lọ ra òdòdó ìsìnkú ara yín?"

Kí n tó la ẹnu, ó ti kúnlẹ̀, ó ti gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin tó nírùngbọ̀n! Ó ń sunkún bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tí wọ́n bá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? I'm just here, Mummy. Loganville nìkan ni mo wà!"

Òótọ́ wà lẹ́nu mi. Mo fẹ́ sọ pé, "Dìde, Seth, iṣẹ́ kíláàsì ni." Mo sì mọ ohun tó máa tẹ̀lé e. Á bínú tàbí á rẹ́rìn-ín, á gbé kúlà rẹ̀, á lọ sílé, ó sì di ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n bá tún bàjẹ́. Orí rẹ̀ wúwo lẹ́sẹ̀ mi. Ó gbóná. Mi ò rántí ìgbà tí mo fọwọ́ kan orí ọmọ mi kẹ́yìn. Mo gbé ọwọ́ lé e.

Mo ní, "Seth, má jẹ́ kí Joanna mọ̀."

Ìyẹn nìkan ni mo sọ. Mi ò sọ pé mò ń kú lọ. Mo ti fi ìyẹn gbèjà ara mi títí, kò gbà mí.

Kí n tún sọ fún yín bí ó ṣe dùn tó, kí ẹ lè bú mi dáadáa. Seth gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Ní àárọ̀, á wẹ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Fóònù ló ń wò tó fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, nítorí kò sí ìyá tó máa kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, á wa mọ́tò wá bá mi. Á din dòdò, á jókòó tì mí, á máa bi mí ní ohun tí kò bi mí rí. Báwo ni mo ṣe pàdé bàbá òun? Irú ọmọ wo ni òun jẹ́ ní kékeré? Àá rẹ́rìn-ín títí màá fi gbàgbé pé mò ń ṣàìsàn. Tí mo bá rántí, màá wúkọ́, ojú rẹ̀ á yí padà, á dìde lọ gbé omi gbígbóná wá.

Ó gbé òdòdó òkú yẹn kúrò nílé lọ́jọ́ tó rí i. Mo rò pé ó lọ dà á nù. Àwọn òdòdó yòókù tí mo ṣì ń fi kọ́ṣẹ́, inú ọpọ́n ìwẹ̀ yàrá mi ni mo kó wọn sí, mo fa aṣọ ìkélé bò wọ́n. Inú báàfù oníke ni èmi tí mo ni ilé ti ń wẹ̀.

Ẹni tí mo ní kó má sọ fún Joanna, ó sọ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Joanna sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ kéde ààwẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Divine gbé òróró wá sílé mi, ó dà á sí mi lórí títí ó fi ń kán wọ inú etí.

"Ẹ̀mí ikú, tú u sílẹ̀! Comfort, ṣe àmín!"

Mo ṣe àmín. Ètè obìnrin yẹn ti gbẹ nítorí mi, kò tíì fi omi kan ẹnu láti àárọ̀.

Joanna pè. "Mummy, what's your doctor's name? Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, nurse ni mí, wọ́n máa dá mi lóhùn."

"Joanna, fi mí sílẹ̀ jàre. Ó ti rẹ̀ mí."

"Sorry, Mummy. Ẹ má bínú." Ọmọ ọlọ́mọ ló ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Seth gbé ìyá àti ọmọ wá. Wọn ò lè wọlé nítorí ikọ́ mi. Ó ní kí n wọ ìbòmú, kí n wá síbi ìgbọ́kọ̀sí. Joanna gbé Pẹ̀lúmi sókè lẹ́yìn gíláàsì mọ́tò. Iwájú orí bàbá Seth ni ọmọ náà gbé wáyé, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé gíláàsì náà. Joanna mú ọwọ́ ọmọ, ó fi lé e láti inú, síbi tí tèmi wà. Gíláàsì tútù nìkan ni mo mọ̀ lára.

Kò sí àrùn kankan lára mi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo máa sọ, wọ́n á ṣílẹ̀kùn mọ́tò yẹn, wọ́n á gbé ọmọ fún mi. Mi ò sọ ọ́. Mo ní ó di ẹ̀yìn ìdánwò.

Ọjọ́ ìdánwò dé. Mo ti sọ fún Seth pé ilé ìwòsàn fẹ́ yẹ̀ mí wò dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ní kò sí ẹlòmíì tó máa gbé mi lọ. Ó gbé mi dé iwájú ilé ìwòsàn ńlá kan.

"Wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé," mo ní. "Wọ́n á fi gbogbo ọ̀sán ṣe é. Máa lọ sílé, kí o padà wá ní ìrọ̀lẹ́."

"Okay, Mummy. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó dijú, ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run dá mi sí kí ọmọ òun lè mọ ìyá àgbà rẹ̀. Èmi lajú sílẹ̀, mò ń wo aago mọ́tò. Mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, mo gba tẹ̀yìn jáde. Takisí tí mo ti pè ń dúró dè mí níbẹ̀.

Wọ́n gba fóònù gbogbo wa kí a tó bẹ̀rẹ̀. Mo to òdòdó ọwọ́ ìyàwó, mo to ti àyà ọkọ ìyàwó, mo to ti orí tábìlì. Nígbà tó kan ti orí pósí, mo jẹ́ kí èyí tó gùn sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bàbá òyìnbó kan lára àwọn tó ń fún wa ní máàkì dúró tì í.

"Who is this one for?" ló bi mí.

"My husband," mo ní. Òótọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ láti ìgbà pípẹ́ nìyẹn.

Kí n tó jáde, Miss Faith fẹnu kò mí létí. "You passed. I didn't tell you anything." Ó gbé òdòdó ọwọ́ ìyàwó tí mo ṣe fún mi kí n máa gbé e lọ.

Nínú takisí, mò ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé ìwé. Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Màá ní èsì àyẹ̀wò dára, wọn ò rí àrùn mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì á dúpẹ́, Ìyá Divine á jó, màá lọ wẹ ọmọ ní Loganville. Ẹ wò mí o, mo ti fẹ́ fi Ọlọ́run pàápàá ṣe ẹlẹ́rìí irọ́.

Mo tan fóònù. Ìpè ti kún ibẹ̀ bámúbámú, ti Seth àti ti Joanna. Ibi tí mo ti ń wò ó ni mo ti gbàgbé láti sọ fún awakọ̀ pé kó gba ẹ̀yìn. Ó gbé mi dé iwájú ilé ìwòsàn gan-an.

Seth dúró síbẹ̀. Joanna dúró tì í, ó gbé ọmọ há àyà. Ẹ̀ṣọ́ ilé ìwòsàn kan ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Seth ò lọ sílé. Láti àárọ̀, inú mọ́tò ló jókòó sí níbi ìgbọ́kọ̀sí, torí kò fẹ́ jìnnà sí mi. Ní ọ̀sán, Joanna gbé ìrẹsì wá, ó ní kí Mummy má jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn. Wọ́n wọlé lọ béèrè mi, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Wọ́n pè mí, fóònù mi ti kú. Joanna mọ bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣe, ó sì ti bi wọ́n débi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí pẹ̀lú òdòdó ìyàwó lọ́wọ́ mi.

"Mummy!" Seth sáré wá, ó dì mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló rí òdòdó. Ó wo èékánná mi, àwọ̀ ewé ti wọ̀ ọ́. "Mummy, níbo lẹ wà?"

Kò sí irọ́ kankan tó tún kù lẹ́nu mi.

"Ìdánwò òdòdó ni mo lọ ṣe, Seth. Mo yege."

Ẹ gbọ́ ẹnu tí mo fi kún un pé mo yege.

"So you're not sick."

"Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí."

"Òdòdó tí mo bá nílé ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣe é. Iṣẹ́ kíláàsì ni."

Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí ọ̀nà, pẹ̀lú aṣọ iyì lọ́rùn.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

"Mo sọ fún ẹ. O fi mí rẹ́rìn-ín."

"I laughed, Mummy. Mo rẹ́rìn-ín lásán. Èmi ò pa yín."

Joanna ń wò mí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo ènìyàn.

"Mummy, ẹ wúkọ́ fún mi lórí fóònù," ló ní. "I just had a baby. Mo ní kí ẹ wú u kí n gbọ́, ẹ sì wú u fún mi."

"Joanna, jọ̀ọ́..." Mo na ọwọ́ sí ọmọ. Ó gbé Pẹ̀lúmi kúrò ní èjìká ọ̀tún sí ti òsì, síbi tí ọwọ́ mi ò dé. Kò fi ìbínú ṣe é.

Seth dìde. Ó ṣí búùtù mọ́tò rẹ̀, ó gbé nǹkan gbọọrọ kan jáde. Òdòdó òkú yẹn ni. Lílì rẹ̀ ti pọ́n, ewé rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n rìbọ́nì ṣì wà lára rẹ̀.

"Mi ò lè jù ú nù," ló ní. "Every day, kí n tó wọlé bá yín, màá kọ́kọ́ sunkún tán nínú mọ́tò, kí ẹ má bàa rí mi." Ó gbé e fún mi. "Ẹ gbà á, Mummy. Èmi ti sin yín tán."

Wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ. Ẹ̀ṣọ́ yẹn bi mí bóyá mo ní ẹni tó máa gbé mi délé. Mo ní mo ní. Mo dúró síbẹ̀ títí, òdòdó ìyàwó lọ́wọ́ kan, òdòdó òkú lọ́wọ́ kejì.

Ìyá Divine pè mí ní ọjọ́ kejì. "Ebi ń pa wá torí tìẹ, ìwọ ń to òdòdó!" Ó pa fóònù. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Mo yí ṣọ́ọ̀ṣì padà sí ti àwọn òyìnbó kan ní ìtòsí, níbi tí kò ti sí ẹni tó mọ̀ mí. Mo kọ̀wé sí Seth lórí fóònù títí. Ó dá mi lóhùn nígbà Kérésì: "Merry Christmas, Mummy. We are fine."

Ìwé ẹ̀rí mi dé. Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀, mo jókòó, mo wò ó. Ẹnì kan ṣoṣo tó tíì kà á ni ọkùnrin tó wá tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe. Ó ní ó dára.

Ẹ̀yin ìyá bíi tèmi, tí nǹkan kan bá ń dùn mọ́ yín nínú, ẹ sọ ọ́ síta, kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ẹ̀rín Seth ò ṣe mí ní nǹkan kan, ikọ́ mi ló ba ilé mi jẹ́. Tí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń dá wà, ẹ pe ọmọ yín, ẹ ní, "Mò ń dá wà, wá." Mi ò sọ ọ́ rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń dúró kí ó mọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ilé ìtajà òdòdó kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Loganville. John ni orúkọ ọ̀gá mi, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí Ọjọ́ Ìyá ń bọ̀, iṣẹ́ wọlé gan-an. Gbogbo wa ò ráyè jókòó. Ọ̀sán ni John gbé bébà kan wá bá mi.

"Comfort, I think this one is in your language."

Mo wo àdírẹ́sì. Loganville ni. Orúkọ Ìyá Joanna ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti wá fún un ní físà nìyẹn, ó ti dé, mi ò gbọ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá máa to òdòdó náà yan èyí tó bá wù ú.

Mo gbé àga, mo jókòó. Mi ò mọ obìnrin náà ju inú fóònù lọ, ṣùgbọ́n mo rò ó dáadáa. Mo rò ó bó ṣe ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, tó ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, tó ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ. Mo yan róòsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, mo fi lílì funfun sí i. Mi ò di igi rẹ̀ pinpin. Kò sí èyí tó rẹwà tó o nínú gbogbo ohun tí a ṣe lọ́jọ́ náà.

Ó ku káàdì. Ọwọ́ ni a fi ń kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Mo mú bírò, mo kọ ohun tí ọmọ mi ní kí wọ́n kọ: "Mummy wa, ẹ ṣé tí ẹ wá wẹ ọmọ wa. Láti ọ̀dọ̀ Seth, Joanna àti Pẹ̀lúmi."

John yọjú láti ẹ̀yìn. Kò gbọ́ èdè náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti pé kí awakọ̀ tó gbé e.

"Is that how it should be?"

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.